Ẹtù àti Ẹ̀tù

Olùkọ́ èdè Yorùbá wa máa ń sọ pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí a bá kọ ẹtu, ẹran igbó ni. Bí a bá fi àmì ìsàlẹ̀ sórí fáwẹ̀lì tó gbẹ̀yìn, ó di ẹtù, ẹyẹ tí àwọn kan ń pè ní awó. Bí a bá tún fi àmì ìsàlẹ̀ kan síwájú, ó di ẹ̀tù, ìyẹ̀fun dúdú tí ọdẹ ń rọ sínú ìbọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń rẹ́rìn-ín bí olùkọ́ wa bá ti bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 14, àṣìṣe tí mo ṣe pẹ̀lú ẹ̀tù nítorí ẹtù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá tó bí ìyá mi.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ìdí òfì ni mo sì dàgbà sí. Bàbá mi ń hun aṣọ òkè. Nínú oríṣiríṣi aṣọ tó ń hun, ẹtù ni àwọn àgbàlagbà máa ń bọ̀wọ̀ fún jù. Aṣọ aláró dúdú ni, tó ní ìlà funfun tín-ín-rín tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Ara ẹyẹ ẹtù ni wọ́n ti mú orúkọ náà, nítorí ìyẹ́ ẹyẹ yìí dúdú, àmì funfun wínníwínní sì kún un bí ẹni pé wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun sí i lára. Mo ti mọ aṣọ náà dáadáa kí n tó fojú kan ẹyẹ tó ni orúkọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn òbí ìyá mi ni mo ti rí i. Abúlé kan lẹ́yìn Àgọ́ Àmọ́dù, ní apá Ṣakí, ni wọ́n ń gbé. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Ìsẹ́yìn tó ń lọ sókè, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn, koríko á sì máa ga sí i. Ní àsìkò ọyẹ́, koríko yìí á gbẹ, wọ́n á jó pápá, ilẹ̀ á dúdú, igi òrí àti igi igbá tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe irú ni yóò kù lóòró. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹtù fẹ́ràn. Agbo ni wọ́n ń kó rìn, wọ́n á máa ṣa kóró koríko àti kòkòrò jẹ. Bí wọ́n bá rí ewu, ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò kí wọ́n tó lo apá. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, gbogbo wọn á fò sórí igi láti sùn, kí ẹranko tó ń jẹ̀ lóru má baà bá wọn nílẹ̀.

Ọdẹ ni Bàbá àgbà. Kì í wọ inú Ọgbà Orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́-Ilé, ilẹ̀ tó lé ní 2,500 kìlómítà níbùú lóòró tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà ní 1991, nítorí òfin kò gba ọdẹ láyè níbẹ̀. Oko tirẹ̀ àti pápá tó yí i ká ti tó o. Kì í sì í pa ẹtù nígbà òjò. Ó ní ìgbà náà ni abo ń yé ẹyin sínú koríko nílẹ̀, tí yóò sàba lé e fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá pa á lásìkò náà, odidi agbo kan ló pa.

Ìbọn ṣakabùlà kan ni Bàbá ní, tí òun nìkan sì ń yìn. Alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó èmi fúnra mi. Ẹnu ni wọ́n ti ń bọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti máa ń sọ. Ẹ̀tù ló kọ́kọ́ ń jẹ. Èédú lílọ̀, imí ọjọ́ àti irú iyọ̀ kan ni wọ́n pò pọ̀ di ẹ̀tù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi òwú dí i, wọ́n á fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún un mọ́lẹ̀. Ọta wẹ́wẹ́ ló kàn, òwú mìíràn á sì tẹ̀lé e kí ọta má baà dà. Òkúta ìṣáná kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Bí ìka bá ti tẹ ohun tó dì í mú, òkúta náà á ṣáná sí ẹ̀tù díẹ̀ tó wà nínú àwo kékeré kan níbẹ̀, iná á gba ihò wọlé, ìbọn á dún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kí wọ́n tó tún un ki, ẹtù tó gbọ́ ìró rẹ̀ á ti dé oko ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn gígùn yìí ni ọkàn mi ń fà sí. Ìyá mi ti sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ kan wà lára ògiri yàrá Bàbá. Ogún ìdílé ni, olókùúta ìṣáná ni òun náà, kò sì gùn ju ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé lọ. Mo ti ń rí ara mi lójú inú: ìbọn kékeré lọ́wọ́ kan, ẹtù lọ́wọ́ kejì, bí àwọn ọkùnrin inú fíìmù. Ọjọ́ tí mo dé fún ìsinmi oṣù Disẹ́ńbà ni mo béèrè rẹ̀. Bàbá nawọ́ sí ògiri. Ìṣó nìkan ló kù níbẹ̀.

"Mo ti gbé e lọ fún ọlọ́pàá láti ọjọ́ pípẹ́," ni ó wí. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kí ẹ fi kọ́ mi ní ọdẹ ẹtù ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ẹtù kì í dúró de ẹni tó fẹ́ sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ìbọn kúkurú kì í gbé ọta jìnnà, ojú rẹ̀ kì í sì í gún. "Nítorí èèyàn ni wọ́n ṣe rọ irú ìyẹn, kì í ṣe nítorí ẹyẹ," ni ó fi kún un. "Ohun tí wọ́n rọ nítorí èèyàn kò yẹ kó wà lára ògiri tí ọmọdé ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Nígbà tí mo padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo rí i pé òfin náà kò fi ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣeré. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 tí Nàìjíríà ń lò pín ìbọn sí ìpín mẹ́ta. Ṣakabùlà wà ní ìpín kẹta, ẹni tó bá sì gba ìwé àṣẹ lè ní in. Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́, títí kan olókùúta ìṣáná ti ayé àtijọ́, wà ní ìpín kìn-ín-ní pẹ̀lú àwọn ìbọn ogun. Àṣẹ Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè mú kí ènìyàn ní in. Pé ó ti gbó kò sọ ọ́ di ohun ìṣeré.

Nígbà ìsinmi yẹn, ibà líle ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Ìyá àgbà sílẹ̀ ni. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní bí òun bá rí omi ọbẹ̀ ẹtù mu, bóyá ẹnu òun á là. Bàbá kò dáhùn. Ó dìde, ó mú ìbọn, ó kọ àpò ọdẹ rẹ̀ kọ́rùn.

"Ọmọ ahunṣọ, ó yá."

Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, mo sì kórìíra rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èébú, nítorí bàbá mi ló hun agbádá tí Bàbá fi ń ṣọdún. Ṣùgbọ́n létí mi, ó dà bí ẹni tó ń sọ pé n kò lè di ọdẹ láéláé. Bí mo bá béèrè ìdí tí afẹ́fẹ́ fi gbọ́dọ̀ máa fẹ́ bá wa lójú, á rẹ́rìn-ín kó tó dá mi lóhùn: "Ọmọ ahunṣọ!" Bí mo bá béèrè ìdí tí a kì í fi wọ aṣọ funfun lọ sóko ọdẹ, ẹ̀rín kan náà ni. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo pinnu pé n kò ní bi í ní ohunkóhun mọ́.

Nígbà tí a dé ahéré, ó gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́.

"Lónìí, ìwọ ni wàá ki ìbọn."

Ó ti ṣe é lójú mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwo kékeré kan ló fi ń wọn ẹ̀tù. Ìwo kan péré ni ìbọn náà ń jẹ, kì í jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá lọ wo ebè iṣu rẹ̀, èmi sì jókòó. Mo wọn ìwo kan, mo rọ ọ́ sínú ìbọn. Bí mo ti fẹ́ mú òwú, ọlọ́kadà kan dúró lójú ọ̀nà, ó ń tọrọ omi. Mo bu omi fún un, a kíra wa, ó lọ. Nígbà tí mo padà jókòó, ìwo náà wà nílẹ̀, òfìfo. Ọkàn mi kò dá mi lójú mọ́. Ṣé mo ti rọ ẹ̀tù ni, àbí mo kàn ń múra láti wọn ọ́n?

Bàbá kò jìnnà. Ohùn mi ì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ létí mi kó tó rín in. Mo wọn ìwo kan, mo rọ ọ́ sí i. Mo ki òwú, mo fi ọ̀pá gún un. Ọ̀pá náà yọ sókè lẹ́nu ìbọn ju bí mo ṣe máa ń rí i lọ, bí ìbú ìka mẹ́ta. Mo rí i. Mo sọ fún ara mi pé òwú ló pọ̀ jù. Mo da ọta sí i, mo dí i.

Bàbá dé. "Ìwo mélòó?"

"Ẹyọ kan, Bàbá."

"O gún un dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ojoojúmọ́ ló máa ń fi ọ̀pá wo inú ìbọn fúnra rẹ̀ kó tó gbé e kọ́ èjìká. Lọ́jọ́ náà, kò wò ó. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó gba ìbọn, ó ṣáájú. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ó fẹ́ kí n mọ̀ pé òun ti gbà mí gbọ́.

A lúgọ sí ẹ̀yìn òkìtì ikán kan, nítòsí odò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ibẹ̀ ni àwọn ẹtù ti ń mumi kí wọ́n tó fò sórí igi igbá ńlá kan. A kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lọ́kàn mi. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan wà ní abúlé tó jẹ́ pé ojú kan ló ní. Ó ti kí wa láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ìbọn ló bẹ́ mọ́ ọn lójú nígbà èwe rẹ̀. Ẹ̀tù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé ìwo kan ni mo rọ. Ìbú ìka mẹ́ta yẹn kò jẹ́ kí n gba ara mi gbọ́.

Wọ́n dé. Ariwo wọn la kọ́kọ́ gbọ́, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn tí kò lépo ń ṣí tó ń padé. Mo ka mọ́kànlá. Orí wọn pupa, ó sì ní aró díẹ̀, ìyẹ́ wọn sì rí bí aṣọ bàbá mi gẹ́lẹ́. Wọ́n mumi, wọ́n ta ara wọn nípàá díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sórí igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá dúró títí méjì fi bà sórí ẹ̀ka kan náà. Ó rọra dìde lórí orúnkún. Ó fa irin tó gbé òkúta dání sẹ́yìn. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdí ìbọn, ojú rẹ̀ sì wà nítòsí ibi tí iná ti ń ṣẹ́.

Ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mo rí.

"Bàbá, ẹ má yìn ín!"

Gbogbo igi gbọ̀n. Ẹtù mọ́kọ̀ọ̀kànlá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń ké, wọ́n fò kọjá odò, wọ́n lọ. Bàbá yíjú sí mi. N kò rí i kó bínú tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ẹ̀tù ni, Bàbá. Mo rò pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rọ ọ́."

Kò sọ̀rọ̀. Ó rọra dá irin náà padà sí àyè rẹ̀. Ó fẹ́ ẹ̀tù inú àwo kékeré dànù. Ó fa ọ̀pá yọ, ó kì í bọ ẹnu ìbọn, ó fi èékánná di ibi tó mọ. Ó wo ibẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀, mo sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó da omi inú kèrègbè rẹ̀ sẹ́nu ìbọn títí omi dúdú fi ń kán jáde níhò.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

Ìbéèrè tí mo ń sá fún nìyẹn.

"Ní ahéré, sà. Nígbà tí ọ̀pá yọ jù."

"O sì jẹ́ kí a rìn dé ibí."

Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Ó wá bi mí pé, "Bàbá rẹ ń ka òwú kó tó ta á, àbí kì í kà á?"

"Ó ń kà á, sà."

"Bó bá gbàgbé iye tó kà, kí ló máa ń ṣe?"

"Á tú u. Á tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tí ìwọ kò tú u?"

Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní mo bẹ̀rù ẹ̀rín ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú, a kò lè rí ojú ara wa dáadáa mọ́.

"Wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà," ni ó wí. "Èmi ni mo fi ẹ̀rín pa ọ́ lẹ́nu mọ́. N kò sì wo ìbọn. Àwa méjèèjì la jẹ̀bi. Dìde, jẹ́ ká máa lọ."

Nígbà tí a délé, ó sọ fún Ìyá àgbà pé àwọn ẹyẹ gbọ́ ìró wa. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohùn ta ni wọ́n gbọ́. N kò lè sùn. Mo lọ bá Ìyá àgbà nídìí ẹní rẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹtù pọ̀ lóko. Ọkọ mi, ọ̀kan ṣoṣo ni. Lọ po ẹ̀kọ wá fún mi." Ó mu ún dé ìdajì.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá kó ìbọn àti ọ̀pá rẹ̀ síta. Ó ki ọ̀pá bọ ìbọn nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó ní kí n fi ayùn irin fa àmì kan síbi tí ẹnu ìbọn mọ. A wá ki ìbọn bó ṣe yẹ, mo sì fa àmì kejì. Bí ọ̀pá bá dúró ní àmì kìn-ín-ní, ìbọn ṣófo. Bó bá dúró ní èkejì, ó pé. Bó bá yọ ju èkejì lọ, kí ẹnikẹ́ni má yìn ín. Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè ìbéèrè lọ́jọ́ yẹn, ó dá mi lóhùn. Lẹ́ẹ̀kan, mo rí i tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ kí n má baà rí ẹ̀rín.

Ní ọjọ́ kẹta, a padà sídìí òkìtì ikán. Èmi ni mo ki ìbọn, òun ló fi ọ̀pá wò ó, èmi náà sì tún un wò. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan, ẹtù kan já bọ́. Ìyá àgbà mu ọbẹ̀ náà, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. A mọ̀ pé ara rẹ̀ ti ń yá.

Lẹ́yìn ìgbà náà, mo kà nípa àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà tó ń lé tòlótòló igbó. Àwọn kan nínú wọn mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ń ki láti ẹnu ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní tuntun. Mo kà pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tòlótòló náà tán nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, àti pé òfin tó dá àsìkò ọdẹ sílẹ̀ wà lára ohun tó mú un padà bọ̀. Mo rántí Bàbá àti ẹyin inú koríko. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pe tòlótòló pàápàá, ẹtù ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè, nítorí wọ́n rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Tọ́kì ló ti wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé orúkọ náà fún ẹyẹ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn ọdẹ náà máa ń fa àmì sára ọ̀pá ìbọn wọn. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn náà ti ní ọmọ kan tó gbàgbé iye tó rọ, tí kò sì fẹ́ béèrè.

Bàbá ṣì ń pè mí ní ọmọ ahunṣọ. Ní ìsinmi tó kọjá, ó pè mí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó na ọ̀pá ìbọn sí mi, ó ní kí n wá bá òun wo àmì náà, nítorí ojú òun kò ríran bíi tàtijọ́ mọ́. Mo gbà á, mo wò ó. Mo tún un wò.